Tọ́kí-wọ́kí: ṣé wáàtì ni ká ra àbí òpó?

Ẹ̀yin ará Kétu, Àjàṣẹ́ àti Ṣábẹ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ ra tọ́kí-wọ́kí fún oko tàbí fáwọn ọdẹ àdúgbò, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tíì sanwó o, ẹ ka èyí ná. 5 wáàtì (wáàtì ni agbára tí ẹ̀rọ fi ń ju ohùn jáde) la kọ́kọ́ ń lò nínú oko kajú wa lẹ́yìn Kétu, ohùn kì í délé, ọlọ́jà kan wá ní ká lọ mú 10 wáàtì, a rà á, owó lọ, bátìrì ń tètè kú, ohùn ò sì délé náà. Ìgbà tá a gbé áńtẹ́nà sórí òpó ló tó yanjú.

Ohun tó fà á ni pé VHF àti UHF, ìyẹn oríṣi ìgbì rédíò méjì táwọn ẹ̀rọ yìí ń lò, tààrà ló ń lọ bí iná tọ́ọ̀ṣì, ibi tójú lè rí lókèèrè ló ń dé, ó kàn fi díẹ̀ jù ú lọ ni. Ilẹ̀ ayé sì rí roboto, ó máa ń yọ ikùn sáàárín ẹni méjì tó jìnnà síra, wáàtì ò sì lè la ilẹ̀ kọjá. Kódà ní gbangba tí nǹkan kan ò dí i, kó tó lọ ìlọ́po méjì, àfi kí wáàtì di ìlọ́po mẹ́rin.

Ẹ wá wò ó. Ẹni tó gbé tọ́kí-wọ́kí sẹ́nu, bíi mítà 1.5 ni áńtẹ́nà ẹ̀ fi ga. Tẹ́ni méjì bá wà bẹ́ẹ̀ lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú láìsí igi láìsí ilé, nǹkan bíi kìlómítà 10 ni òpin wọn, láàárín ilé Àjàṣẹ́ ó lè má ju 1 tàbí 2 lọ. Gbé áńtẹ́nà ẹnìkan sí mítà 10, ó di 18. Gbé e sí 20, ó di bíi 23. Mítà 10 àkọ́kọ́ fi 8 kún un, 10 kejì fi 5 péré, torí ẹ̀ ni mo ṣe ń sọ pé ẹ má jẹ gbèsè torí òpó fíofío, kó ṣáà ti ga ju igi àti òrùlé tó yí i ká.

Áńtẹ́nà gígùn tí wọ́n ń dè mọ́ tọ́kí-wọ́kí ńkọ́? Ó dáa ju kúkúrú onírọ́bà yẹn lọ, kò wọ́n, ẹ rà á, àmọ́ kò gbé yín kúrò nílẹ̀.

Rédíò ilé (èyí tá a gbé kalẹ̀ sílé láti máa bá àwọn tó wà lóko sọ̀rọ̀) pẹ̀lú áńtẹ́nà orí òpó ni kẹ́ ẹ náwó lé, ibẹ̀ sì ni wáyà tó so rédíò mọ́ áńtẹ́nà ti máa ń jẹ ohùn lójú yín. Tí wáyà bá gùn tó mítà 20 lórí UHF, irú wáyà tí wọ́n ń pè ní RG-58, tín-ín-rín yẹn, nínú 5 wáàtì bíi 1 ló ń dókè, RG-213 á gbé bí ìdajì dé, LMR-400 á gbé ju 3 lọ. Èyí tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ ẹlòmíì náà ń ṣòfò bẹ́ẹ̀. VHF kì í pàdánù tó yẹn. Èmi á kúkú ra rédíò tó kéré kí n lè ra wáyà tó nípọn. Ẹ fi téèpù wé ibi tí wáyà ti so kómi má wọ̀ ọ́, ẹ jìnnà sí wáyà iná, tí òjò bá ṣú ẹ yọ wáyà áńtẹ́nà lẹ́yìn rédíò.

Àwọn ará Ṣábẹ̀ ní òkè olókùúta tá a ò ní, répítà (ẹ̀rọ tó ń gba ohùn tó sì ń tún un jù jáde) lórí ẹ̀ lè so ọ̀pọ̀ oko pọ̀, àmọ́ ó ń béèrè sólà àti fíríkúẹ́ńsì méjì (ọ̀nà méjì tí ohùn ń gbà lórí afẹ́fẹ́), fún oko kan òun ilé kan owó ẹ̀ ti pọ̀ jù. Ẹ gbàṣẹ lọ́wọ́ àwọn àgbà ìlú kẹ́ ẹ tó gùn ún, kẹ́ ẹ sì gbàwé àṣẹ fíríkúẹ́ńsì ní ARCEP, iléeṣẹ́ ìjọba Benin tó ń bójú tó tẹlifóònù àti rédíò.

Kẹ́ ẹ tó ra páìpù onírin, ẹ so áńtẹ́nà mọ́ ọparun gígùn, kẹ́nìkan gun alùpùpù lọ sóko kó máa pe yín títí dé ibi tóhùn ti máa já.