Saint Helena àbí Rapa Nui: kìlómítà wọn fẹ́ẹ̀ dọ́gba, ìrìn wọn ò dọ́gba

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ sí ọ̀kan nínú erékùsù méjèèjì yìí, ẹ má kọ́kọ́ wo kìlómítà o. Johannesburg sí Saint Helena, erékùsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó wà nínú òkun Àtìláńtíìkì, tó bíi 3,700, Santiago ní Chile sí Rapa Nui, erékùsù Chile nínú òkun Pàsífíìkì tí wọ́n tún ń pè ní Easter Island, tó bíi 3,750. Kí ló wá kù níbẹ̀?

Atẹ́gùn ló kù. Bàálù Saint Helena ò tóbi, tó bá ń lọ ó sábà máa ń yà ní Walvis Bay ní Namibia láti ra epo, torí tí atẹ́gùn ò bá jẹ́ kó balẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ní epo tó máa gbé e padà, gbogbo ẹ̀ á tó bíi wákàtí 6. Àbọ̀ yá jù ú lọ dáadáa, torí kì í yà, atẹ́gùn á tún máa tì í lẹ́yìn. Pápá bàálù Saint Helena wà lórí òkè tó fi bíi 300 mítà ga ju òkun lọ, 2016 ló yẹ kí wọ́n ṣí i fún èrò, atẹ́gùn ò gbà, àfi Oṣù Kẹwàá 2017.

Ti Rapa Nui, bàálù ńlá ni, wákàtí 5 ààbọ̀ ní àlọ, àbọ̀ ò tó bẹ́ẹ̀. Ránwéè ẹ̀ gùn ju 3,300 mítà lọ, àwọn ará Amẹ́ríkà ló fà á gùn láyé 1980 sí 1989 nítorí space shuttle, ọkọ̀ wọn tó ń lọ sójú sánmà, kó lè balẹ̀ síbẹ̀ bó bá di pàjáwìrì.

Oníbàárà mi kan rí i pé òun máa kúrò ní Johannesburg láago 9, òun á dé láago 1, ló bá ṣírò ẹ̀ sí wákàtí 4. Kò mọ̀ pé aago Johannesburg fi wákàtí 2 ṣáájú ti Saint Helena! Aago Santiago náà fi 2 ṣáájú ti Rapa Nui, ẹ fi sọ́kàn.

Èyí tó ń dùn mí jù ni pé láti Èkó, Saint Helena ò ju bíi 2,700 kìlómítà lọ, ó sún mọ́ wa ju Johannesburg fúnra ẹ̀, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fò 4,500 lọ sí Johannesburg kẹ́ ẹ tó ṣẹ́rí padà, bí ẹni tó ń lọ sí Ìbàdàn tó kọ́kọ́ dé Ìlọrin.

Èmi ò ní gba ẹni tí líìfù ẹ̀ ò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ níyànjú Saint Helena, torí ọ̀pọ̀ ìgbà ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni bàálù ń lọ, tó bá já yín sílẹ̀ ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ ní ọ̀sẹ̀ méjì? Ẹ lọ, ẹ ṣáà sùn ní Johannesburg lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kẹ́ ẹ sì ra inṣọ́ránsì ìlera, dandan ni. Ẹni tó bá ti wà ní Gúúsù Amẹ́ríkà tẹ́lẹ̀, bíi Brazil, Rapa Nui ni kó gbà. Físà Chile ló ń wọ ibẹ̀, ṣùgbọ́n kó ti ní tíkẹ́ẹ̀tì àbọ̀, ibùgbé tí ìjọba fọwọ́ sí àti fọ́ọ̀mù tó ti kún kó tó dé pápá, ọgbọ̀n ọjọ́ péré sì ni wọ́n fún àlejò níbẹ̀.