Abẹ́rẹ́ ballpoint tí mo fi ń rán aṣọ tó ń nà fún ọmọ mi

Ọmọ mi obìnrin kì í gbà kí aṣọ líle kan òun lọ́rùn rárá. Ìdí nìyẹn tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í rán aṣọ tó ń nà, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe síńgílẹ́ẹ̀tì. Abẹ́rẹ́ lásán ni mo kọ́kọ́ lò. Ẹ̀rọ ń fo ojú rírán, nígbà tí mo sì fọ aṣọ náà lẹ́ẹ̀mejì, ihò wẹ́wẹ́ ti tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó dùn mí gan-an.

Abẹ́rẹ́ ballpoint, 75/11 (nọ́ńbà tó ń sọ bí abẹ́rẹ́ ṣe nípọn tó), ló yọ mí. Ẹnu rẹ̀ kò mú ṣóńṣó, ó rí róbótó díẹ̀. Kì í gún òwú aṣọ já. Àárín òwú ló ń wá gbà kọjá. Mo fi rán ọrùn aṣọ pẹ̀lú zigzag tóóró (rírán tó ń lọ kọ́lọkọ̀lọ), mo fà á títí ó fi gba orí ọmọ kọjá, òwú kan ò já. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ fọ aṣọ kí ẹ tó gé e o, aṣọ òwú máa ń súnkì.)

Nǹkan méjì ni kò tẹ́ mi lọ́rùn. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára rẹ̀ kéré jù, mo ní láti gbé e sún mọ́ iná kí n tó rí i kà. Èkejì, 75 kò lágbára tó fún aṣọ tó nípọn. 90/14 ni mo ń fi sí i.

Lálẹ́ àná, ọmọ mi wọ èyí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rán sùn. Kò họ ọrùn lẹ́ẹ̀kan.