Àtùpà idẹ Hans-Agne Jakobsson: ẹ wo wáyà kí ẹ tó wo dídán

Bí ẹ bá ń wá àtùpà tí yóò mú gbogbo pálọ̀ mọ́lẹ̀ rekete, ẹ má ra èyí. Orí tábìlì ni àyè rẹ̀, níbi tí èèyàn ti ń kàwé tàbí tó ti ń ránṣọ. Hans-Agne Jakobsson tó ṣe é, ọmọ erékùṣù Gotland ní Swídìn ni. Ọdún 1919 ni wọ́n bí i, ó sì dá ilé iṣẹ́ àtùpà sílẹ̀ ní ìlú Markaryd ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950. Iná tí kì í gún èèyàn lójú ni ọkùnrin yìí ń lé kiri, ó sì rí i mú. Ìbòrí tèmi, tó ti wà láti àwọn ọdún 1960, sọ̀ kalẹ̀ kọjá ẹnu gílóòbù. Bí mo bá jókòó tì í, mi ò ní rí gílóòbù rárá, àfi ìmọ́lẹ̀ tó dà sórí ìwé. Mo ti fi kàwé di ọ̀gànjọ́, kò ta mí lójú.

London ni mo ń gbé. Ọwọ́ oníṣòwò ohun àtijọ́ kan ní Swídìn ni mo ti rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì, £210. Ẹ fi owó ìfiránṣẹ́ kún un, àti owó orí tí ìjọba ibí ń gbà lórí ẹrù tó bá wọlé.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á fi òòfà kan ìbòrí rẹ̀. Bàbà àti síńkì ni wọ́n yọ́ pọ̀ tó di idẹ, òòfà kì í sì í fà á. Bó bá lẹ̀ mọ́ ọn, irin tí wọ́n fi idẹ bò lójú ni. Ìdí àtùpà ni kí ẹ má fi ṣe ẹ̀rí o: wọ́n sábà máa ń ki irin wúwo síbẹ̀ kó má bàa ṣubú.

Oníṣòwò yẹn kọ ọ́ pé ó ṣeé lò lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Irọ́ gbuu! Rọ́bà ara wáyà ti gbẹ, bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ló ń sán. Wáyà méjì péré ló sì wà nínú rẹ̀. Àtùpà tí gbogbo ara rẹ̀ jẹ́ idẹ, bí iná bá jò sí i lára, ẹni tó bá fọwọ́ kàn án ni iná máa gbé. Oníṣẹ́ iná mànàmáná gba £45 lọ́wọ́ mi, ó fa wáyà tuntun tó ní okùn mẹ́ta nínú, ó so ẹ̀kẹta mọ́ ara àtùpà kí iná tó bá jò lè gbabẹ̀ wọlẹ̀, ó sì fi púlọ́ọ̀gì ibí sí i pẹ̀lú fíùsì 3A. Ẹ ka owó yìí mọ́ iye àtùpà látìbẹ̀rẹ̀.

Gílóòbù LED ni mo ń lò, 2700K, èyí tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ pọ́n díẹ̀. Mo gbìyànjú funfun báláú, àwọ̀ idẹ náà wá rí bí ẹni tí ibà ń ṣe.

Màámi rí i lórí fídíò, wọ́n ní, “Kí ló dé tó dúdú báyìí? Ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú ni kí o fi fọ̀ ọ́.” Òótọ́ ni wọ́n sọ, yóò dán. Ṣùgbọ́n fáníìṣì wà lára èyí, eérú yóò sì ha á kúrò, lẹ́yìn náà ni màá wá máa fọ̀ ọ́ títí ayé. Àwọn tó ń kó irú rẹ̀ jọ pàápàá, èyí tí wọn kò tíì fọ̀ ni wọ́n ń wá. Aṣọ rírọ̀ gbígbẹ ló tó o. Màámi kò gbà, wọ́n ní ọ̀lẹ ni mí.

Oríkèé ọrùn rẹ̀ ló ń bí mi nínú. Mo fún ìdè rẹ̀, ó dúró, nígbà tó yá ó tún tẹrí ba.

Ẹ tún wo abẹ́ ìdí rẹ̀ bóyá bébà tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ àti Markaryd sí ṣì wà níbẹ̀. Àwọn oníṣòwò a máa pe àtùpà Swídìn tí kò lórúkọ ní ti Jakobsson. Bí bébà kò bá sí, ẹ ná an wálẹ̀ dáadáa.