Àbẹ̀wò sí Lacock: Ohun Tó Yẹ Kí Àlejò Kọ́kọ́ Wò

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń lọ sí abúlé Lacock ní Wiltshire, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló jẹ́ pé torí fíìmù tí wọ́n ti yà níbẹ̀ ni wọ́n ṣe lọ. Wọ́n á ya fọ́tò tiwọn níwájú ilé méjì mẹ́ta, wọ́n á sì bá tiwọn lọ. Lójú tèmi, ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ fi ẹran sílẹ̀, omi ọbẹ̀ ló lá. Lacock Abbey, ilé tí àwọn sísítà ìjọ Kátólíìkì gbé láyé àtijọ́, tó wà létí abúlé náà ni mo rọ àlejò pé kó kọ́kọ́ yà sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó ni wọ́n ń san wọ ibẹ̀, tí ìgboro sì jẹ́ ọ̀fẹ́.

Ela, opó olóyè Salisbury, ló dá ilé náà sílẹ̀ ní 1232, òun fúnra rẹ̀ sì di olórí àwọn sísítà ibẹ̀ nígbà tó yá. Nígbà tí Ọba Henry Kẹjọ ń ti irú ilé ìsìn bẹ́ẹ̀ pa káàkiri, ti Lacock náà kò yọ. Ní 1539 ni wọ́n tì í. William Sharington tó rà á wó ṣọ́ọ̀ṣì inú rẹ̀ palẹ̀, ṣùgbọ́n ó dá ọ̀dẹ̀dẹ̀ olókùúta tó yí àgbàlá ká sí. (Ọkùnrin yìí kan náà ni wọ́n wá dá lẹ́bi màgòmágó nílé tí wọ́n ti ń rọ owó ọba ní Bristol, tí ọba sì darí jì í.) Ẹ má ṣe sáré kọjá nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí, ẹ gbójú sókè wo ọnà tí wọ́n gbẹ́ sára òkúta àjà.

Ohun tó mú mi dúró pẹ́ jù lọ ni fèrèsé kan lókè, tí ẹni tí kò mọ ìtàn rẹ̀ lè má tilẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kejì. Fèrèsé yìí ni William Henry Fox Talbot, ọ̀kan lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣàwárí fọ́tò yíyà, tó ni ilé náà nígbà náà, gbé kámẹ́rà onígi kékeré dojú kọ ní oṣù Ògọ́sítì 1835. Nẹ́gétíìfù (àwòrán tí ibi tó mọ́lẹ̀ ti máa ń hàn dúdú) tó rí nínú rẹ̀, tí kò ju sítáǹbù lẹ́tà lọ púpọ̀, ló pẹ́ jù lọ nínú gbogbo èyí tó ṣì wà láyé. Talbot kọ ọ́ sílẹ̀ pé nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yà á, èèyàn lè fi awò ka gíláàsì fèrèsé náà, tó tó 200, lọ́kọ̀ọ̀kan. Nẹ́gétíìfù náà kò sí ní Lacock mọ́, ṣùgbọ́n ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà lẹ́nu ọ̀nà ṣàlàyé iṣẹ́ ọkùnrin náà dáadáa.

Matilda Talbot, ọmọ ọmọ rẹ̀, ló fi ilé àti abúlé náà lé National Trust, ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú ilé àti ilẹ̀ ìtàn ní Britain, lọ́wọ́ ní 1944. Nítorí pé ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ni ilé tó pọ̀ jù lọ wà, kò sí ẹni tó kàn lè wó tirẹ̀ kó fi tuntun rọ́pò, ìyẹn ni òpópónà rẹ̀ ṣe rí bó ṣe rí. Ilé onígi àti olókùúta wọ̀nyí kì í ṣe ilé àfihàn o. Èèyàn ń gbé inú wọn, wọ́n sì ń sanwó ilé, nítorí náà ẹ má ṣe yọjú wo fèrèsé onílé.

Nínú ìgboro, àká ìdámẹ́wàá ni mo fẹ́ràn jù. Ibẹ̀ ni wọ́n ń kó ọkà àti irun àgùntàn tí àwọn àgbẹ̀ ń san fún ilé àwọn sísítà sí, òpó igi ńláńlá tó gbé òrùlé rẹ̀ dúró sì lágbára títí di òní. Àtìmọ́lé kóńkó kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí wọ́n máa ń ti ọ̀mùtí mọ́. Ní ilé ọtí George Inn, wọ́n ṣì ní àgbá kẹ̀kẹ́ tí ajá ń sá nínú rẹ̀ láyé àtijọ́, kí ẹran tó wà lórí iná lè máa yí.

Láti London, ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin dé Chippenham, kí ẹ wọ bọ́ọ̀sì níbẹ̀. Ilẹ̀ olókùúta Lacock kò tẹ́jú, nítorí náà bàtà gogoro kò dára fún un.