Ọkà Bàbà, Àgbàdo, Ìrẹsì tàbí Wíìtì: Èwo Ló Yẹ Kí Ẹ Rà Nítorí Magnesium ní Òṣogbo?

Ẹni tó bá fẹ́ ra oúnjẹ oníhóró sílé ní Òṣogbo kò ní wá a tì. Ní Ọjà Ọba àti ní Olúọdẹ, ìrẹsì, àgbàdo, ọkà bàbà tó ti Òkè Ọya wá àti sèmó inú ọ̀rá tí wọ́n fi wíìtì ṣe wà lórí àtẹ, iye owó àti bí ọjà bá ṣe mọ́ lójú sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń yàn nínú wọn. Ìfiwéra yìí gbé ohun kan tí ojú kò lè rí yẹ̀ wò, ìyẹn ni èròjà magnesium tó wà nínú hóró kọ̀ọ̀kan, àti èyí tó ṣẹ́kù nínú rẹ̀ kí ó tó dé inú àwo. Ní tèmi, ohun tí wọ́n bá yọ kúrò lára hóró ló yẹ kí oníbàárà kọ́kọ́ bèèrè, kí ó tó bèèrè orúkọ hóró náà.

Nǹkan bí gíráàmù 25 magnesium ló wà nínú ara àgbàlagbà. Ó ju ìdajì rẹ̀ lọ tó wà nínú egungun, ìyókù sì ń ṣiṣẹ́ nínú ẹran ara, nínú iṣan àti nínú ọkàn tó ń lù. Ọkùnrin tó ti dàgbà nílò mílígíráàmù 400 sí 420 lójúmọ́, obìnrin sì nílò 310 sí 320. Ara kò lè ṣe é fúnra rẹ̀, inú oúnjẹ àti omi ni a ti ń rí i.

Àwọn òǹkà tí mo fẹ́ lò wá láti inú àkójọ tí Ẹ̀ka Iṣẹ́ Ọ̀gbìn ti Amẹ́ríkà ṣe nípa oúnjẹ. Irú èso àti ilẹ̀ tí a gbìn ín sí lè mú kí òǹkà lọ sókè tàbí wá sílẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n àlàfo tó wà láàárín wọn tóbi débi pé ìyàtọ̀ kékeré kò lè yí ìdájọ́ padà. Nínú gíráàmù 100 hóró gbígbẹ tí a kò tíì sè, odidi ọkà bàbà ní mílígíráàmù 165, ìyẹ̀fun odidi wíìtì ní 137, odidi àgbàdo ní 127, jéró ní 114, ìrẹsì tí a kò bó awọ rẹ̀ sì ju 110 lọ. Ẹ wá wo apá kejì: sèmó ní 47, ìrẹsì funfun ní 25, ìyẹ̀fun funfun tí wọ́n fi ń ṣe bùrẹ́dì sì ní 22 péré. Bí ẹnì kan bá ń jẹ gíráàmù 200 hóró gbígbẹ lójúmọ́, 330 ni yóò rí nínú odidi ọkà bàbà, èyí tó tó ohun tí obìnrin nílò fún odindi ọjọ́. Bí ó bá jẹ́ ìrẹsì funfun nìkan ló jẹ, 50 ni.

Ohun tó fa àlàfo yìí ni pé awọ hóró àti ojú rẹ̀, níbi tó ti ń hù, ni magnesium pọ̀ sí jù lọ. Nígbà tí ẹ̀rọ bá bó ìrẹsì tàbí tí ó bá sẹ́ ìyẹ̀fun wíìtì kí ó lè funfun, ibẹ̀ gan-an ló ń yọ kúrò. Èérún tó bọ́ lára ìrẹsì ní mílígíráàmù 781 nínú gíráàmù 100, ti wíìtì sì ní 611, oúnjẹ adìẹ àti ti ẹran ọ̀sìn ni wọ́n sì sábà máa ń fi wọ́n ṣe nílẹ̀ wa. Ó dùn mí pé apá tó lọ́rọ̀ jù lọ nínú hóró ni a ń sanwó kí wọ́n bá wa yọ dànù.

Kì í ṣe bí a ṣe ń jẹun tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Nínú oúnjẹ oníhóró, àgbàdo àti ọkà bàbà ni ọ̀pọ̀ ilé gbẹ́kẹ̀ lé, orí ọlọ ni wọ́n sì ti ń lọ̀ ọ́, nígbà tí ìrẹsì funfun jẹ́ oúnjẹ ọjọ́ ọdún. Ọkọ̀ ojú irin dé Òṣogbo ní 1907, ó sì mú kí ọjà ọ̀nà jíjìn túbọ̀ rọrùn láti kó wọlé. Ní 1962 ni iléeṣẹ́ Flour Mills of Nigeria bẹ̀rẹ̀ sí í lọ wíìtì ní Àpápá, bùrẹ́dì funfun sì di oúnjẹ òwúrọ̀ fún tolówó tálákà. Nígbà tí owó epo rọ̀bì wọlé ní àwọn ọdún 1970, ìrẹsì ilẹ̀ òkèèrè pọ̀ lọ́jà. Ìjọba fòfin de kíkó ìrẹsì wọlé ní 1985 títí di 1995, wọ́n sì fòfin de wíìtì ní 1987 títí di 1992, àmọ́ ẹnu ti mọ́ oúnjẹ funfun lára, ó sì padà wá ní kété tí òfin kúrò. Láti 2002 ni ìjọba ti pàṣẹ pé kí àwọn iléeṣẹ́ máa fi fítámì A sínú ìyẹ̀fun, ohun rere sì ni, ṣùgbọ́n magnesium tí ẹ̀rọ yọ kò sí lára ohun tí wọ́n ń dá padà.

Sèmó àti ìyẹ̀fun odidi wíìtì

Èyí ni ìfiwéra tó rọrùn jù, nítorí pé inú ọ̀rá ni àwọn méjèèjì wà, orí omi gbígbóná ni a sì ti ń ro wọ́n. Odidi wíìtì fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ìlọ́po mẹ́ta magnesium tó wà nínú sèmó. Àwọ̀ rẹ̀ dúdú díẹ̀, kì í sì í yọ̀ lọ́nà ọ̀fun bíi sèmó. Bí àwọn ọmọ bá kọ̀ ọ́, ẹ lè kọ́kọ́ po méjèèjì pọ̀ ní ìdajì-ìdajì. Tó bá jẹ́ ti bùrẹ́dì, ẹ má fi àwọ̀ nìkan ṣe ẹ̀rí, nítorí pé àwọn kan ń fi àwọ̀ sínú ìyẹ̀fun funfun kí ó lè jọ ti odidi wíìtì. Ẹ ka ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ sára ọ̀rá pé àwọn fi ṣe é, bí kì í bá ṣe odidi wíìtì ni wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ, ẹ má ṣe san owó lé e nítorí àwọ̀.

Ìrẹsì Ọ̀fadà àti ìrẹsì funfun

Ìrẹsì Ọ̀fadà tí awọ pupa ṣì wà lára rẹ̀ dára ju ìrẹsì funfun lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n bíbó rẹ̀ kò dọ́gba. Ẹ da díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́: bí hóró púpọ̀ bá ti funfun tán, tó jẹ́ ìlà pupa díẹ̀ ló kù, owó Ọ̀fadà lẹ ń san fún ohun tí kò jìnnà sí ìrẹsì funfun. Ẹ má rò pé sísè tí wọ́n ti se ìrẹsì kí wọ́n tó bó o yanjú ọ̀rọ̀ magnesium, nítorí pé nǹkan bí 27 péré ló wà nínú irú rẹ̀.

Àgbàdo àti ọkà bàbà

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ jù, nítorí pé hóró kan náà lè dára gan-an, ó sì lè di òfìfo, bí wọ́n bá ṣe ṣe é ni. Ẹ jẹ́ ká mú ògì. A ó rẹ àgbàdo fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, a ó lọ̀ ọ́, a ó sẹ́ ẹ, a ó da eèrí nù, a ó sì da omidùn nù pẹ̀lú. Nínú eèrí àti omidùn ni púpọ̀ magnesium ń bá lọ. Rírẹ̀ àti kíkan tí ògì kan ní àǹfààní tirẹ̀, nítorí pé ó ń dín èròjà fáítéètì kù, èyí tó máa ń di magnesium mú kí ara má lè gbà á. Fún ìdí èyí, èmi kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀kọ sílẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ẹ má kà á sí odidi àgbàdo.

Ìyẹ̀fun àgbàdo inú ọ̀rá tó kúnná tó sì funfun lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ ojú hóró rẹ̀ ní nǹkan bí 32 péré, nígbà tí odidi ní 127. Ẹ lè fi ojú mọ hóró àgbàdo tí wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀ sí, nítorí pé ihò kékeré máa ń wà ní ìdí rẹ̀ níbi tí ojú náà ti bọ́. Ẹni tó ń ra àgbàdo ẹ̀gbo pàápàá yẹ kó wo èyí, nítorí pé àgbàdo tí wọ́n gún tí ojú rẹ̀ ṣì wà nínú ló yẹ kó sanwó fún. Tí a bá sì fi ẹ̀wà jẹ ẹ̀gbo bí a ṣe ń ṣe é níhìn-ín, ẹ̀wà gbígbẹ ní 184 tirẹ̀.

Ọkà bàbà ni mo yàn ṣáájú gbogbo wọn. Bí ìwọ̀n ìrẹsì funfun àti ti ọkà bàbà bá dọ́gba, tí owó wọn sì jẹ́ bákan náà, magnesium inú ọkà bàbà ju ìlọ́po mẹ́fà ti ìrẹsì lọ. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́rọ fúnra yín, kí ó lọ̀ ọ́ kúnná ní gbígbẹ, kí ẹ má sì fi kọ̀ǹkọ̀sọ̀ kù ú lẹ́yìn náà. Túwó tó bá tibẹ̀ jáde máa ń pupa díẹ̀, ọbẹ̀ ilá sì bá a lọ dáadáa.

Odidi ìyẹ̀fun ní ìṣòro kan tí ìyẹ̀fun funfun kò fi bẹ́ẹ̀ ní: òróró wà lójú hóró, ó sì máa ń yára bàjẹ́ lẹ́yìn lílọ̀. Ẹ ra hóró ní kóńgò díẹ̀ díẹ̀, kí ẹ lọ ìwọ̀n tí ẹ máa jẹ tán láàárín ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Ẹ fọwọ́ kan hóró kí ẹ tó sanwó. Àgbàdo tó bá rọ̀ lẹ́nu eyín tàbí tó ti bu, tó ní àwọ̀ ewé tàbí dúdú, ẹ fi sílẹ̀ lórí àtẹ, nítorí pé oró inú ìbu lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, sísè kò sì lè pa gbogbo rẹ̀. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ dáadáa ní láti bi dókítà rẹ̀ kí ó tó yí oúnjẹ padà, nítorí pé kíndìnrín ló ń gbé àpọ̀jù magnesium jáde kúrò lára.

Fún ilé tí owó rẹ̀ kò pọ̀, ọkà bàbà àti àgbàdo funfun tí a lọ̀ pọ̀ láìkù ni mo lè sọ pé kí wọ́n kọ́kọ́ rà, kí ìyẹ̀fun odidi wíìtì tẹ̀ lé e, kí Ọ̀fadà tó pupa dáadáa jẹ́ ti ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ ìrẹsì, kí bùrẹ́dì funfun àti sèmó sì wà ní ìkẹyìn.