Iṣu ọjọ́ mẹ́wàá: Stardew Valley lójú ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́

Géèmù tí mò ń gbá lọ́wọ́ báyìí, iṣẹ́ oko ni wọ́n ń ṣe nínú rẹ̀. Stardew Valley lorúkọ rẹ̀. Mo mọ̀ pé ará Ṣábẹ̀ẹ́, ìlú wa ní orílẹ̀-èdè Benin, tó bá gbọ́ máa rẹ́rìn-ín: ta ló máa ti oko dé, tí á fọwọ́ fọsẹ̀, tí á tún gbé fóònù láti lọ ro oko míì? Ọ̀rẹ́ mi kan sọ bẹ́ẹ̀ sí mi lójú. Òun náà ti ń gbá a báyìí, adìyẹ rẹ̀ sì ti pọ̀ ju tèmi lọ.

Ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Eric Barone ló dá ṣe é látòkèdélẹ̀. Òun ló ya àwòrán, òun ló kọ orin, òun ló kọ ọ̀rọ̀ tó ń ti ẹnu àwọn ènìyàn inú rẹ̀ jáde, òun náà ló kọ kóòdù. Ó lé ní ọdún mẹ́rin tó fi wà lẹ́nu rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló sì ń ṣiṣẹ́ ní gbọ̀ngàn eré kan ní ìlú Seattle, tó ń fi ìjókòó han àwọn òǹwòran. Géèmù náà jáde lórí kọ̀ǹpútà ní 2016, ó dé orí fóònù Android ní 2019. Nígbà tí 2024 fi máa parí, èyí tí wọ́n ti tà ti lé ní mílíọ̀nù 40. Mo kọ èyí síbí nítorí àwọn tó rò pé àwọn ọmọdé nìkan ló ń gbá a.

Ìtàn rẹ̀ kò gùn. Bàbá àgbà kan tó wà lórí àkéte ikú fi lẹ́tà lé ọmọ ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó ní kò gbọdọ̀ ṣí i, àfi ọjọ́ tí ayé ìlú ńlá bá sú u. Ọmọ náà dàgbà, ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ní ilé iṣẹ́ kan, ayé sú u, ó ṣí lẹ́tà. Oko ni bàbá fi sílẹ̀ fún un. Nígbà tí o bá dé ibẹ̀, òkúta ni, kùkùté igi ni, igbó ni. O ní 500g lọ́wọ́ (g ni owó wọn), o ní ọkọ́, àáké, dòjé, ohun ìfọ́kùúta àti agolo ìbomirin. Olórí ìlú, Lewis, fi irúgbìn 15 ta ọ́ lọ́rẹ.

Láti ibẹ̀ ọwọ́ rẹ ló kù sí. Àmì kan wà lápá ọ̀tún ojú fóònù tó ń fi hàn bí agbára rẹ ṣe kù sí. Gbogbo ìgbà tí o bá ju ọkọ́ ni ó ń lọ sílẹ̀ díẹ̀. Bí o bá fi gbogbo rẹ̀ gé igi láàárọ̀, o kò ní lè bomi rin nǹkan kan. Aago mẹ́fà àárọ̀ lo máa ń jí, bí o kò bá sì tíì sùn ní aago méjì òru, ìdákú lo máa dá, wọ́n á sì yọ nínú owó rẹ. Gbogbo ọjọ́ kan yìí, bí ìṣẹ́jú 14 ni ní tiwa.

Ibi tí ẹnu ti kọ́kọ́ kò sí géèmù yìí ni ọ̀rọ̀ iṣu. Mo ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tókópì, ibẹ̀ ni mo ti ń gbá a bí oníbàárà bá dáwọ́ dúró. Bàbá mi wá gba ṣájà lọ́jọ́ kan, ó sì yọjú wo ohun tí mò ń ṣe.

"Kí lò ń gbìn yẹn?"

"Iṣu ni, Bàbá."

"Iṣu? Ebè dà?"

Mo ní wọn kì í kọ ebè níbẹ̀. Wọ́n á fi ọkọ́ gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á fi irúgbìn sí i, wọ́n á bomi rin ín.

"Irúgbìn iṣu!"

Ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó nà án jìnnà sí ojú. Mo fi ṣọ́ọ̀bù Pierre hàn án, níbi tí wọ́n ti ń ta irúgbìn iṣu nínú àpò kékeré, 60g ọ̀kan. Ó bèèrè pé ta ló bẹ́ ẹ̀bu rẹ̀. Mo ní kò sí ẹ̀bu. Mo ní ọjọ́ mẹ́wàá ló fi ń ta, tí wọ́n á sì rà á ní 160g. Ó dá fóònù padà fún mi. "Bá mi bèèrè iye tí wọ́n ń ta ilẹ̀ níbẹ̀."

Bàbá kò jẹ̀bi. Iṣu Laboko tí à ń fi gúnyán níbí, ebè rẹ̀ ti ní láti wà nílẹ̀ kí ọ̀gbẹlẹ̀ tó le. A ó fi koríko bo orí ebè kí oòrùn má bàa sè é. Òjò àkọ́rọ̀ á dé, á hù, a ó ki ọ̀pá sí i, ó di oṣù keje tàbí ìkẹjọ kí a tó wa á, a ó sì rọra wà á kí ìdí rẹ̀ lè tún ta ẹ̀bu ọdún tó ń bọ̀. Nínú Stardew, o kàn fi ìka kàn án, ó fò sínú àpò rẹ. Àgbàdo ibẹ̀ tún jẹ́ ìyanu tirẹ̀: irúgbìn rẹ̀ wọ́n, 150g, bẹ́ẹ̀ 50g péré ni wọ́n ń ra ọ̀kan, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọjọ́ 14 tó bá ti so, tí o bá ká a, á tún so ní ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin títí ìgbà òtútù á fi dé. Àgbàdo tí a ká tó tún so!

Ohun méjì míì wà tí kò lè ṣẹlẹ̀ níbí. Èkíní, tẹlifíṣọ̀n kékeré kan wà nínú ilé rẹ láti ọjọ́ tí o dé. Bí o bá tàn án, á sọ bí ojú ọ̀run á ṣe rí lọ́la, kì í sì í parọ́. Bó bá ti ní òjò ń bọ̀, o mọ̀ pé o kò ní bomi rin nǹkan kan lọ́la, o lè kó gbogbo agbára rẹ lọ sínú ihò ìwakùsà. Èkejì ni ọjà. Àpótí kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Ohun tí o bá jù sínú rẹ̀, wọ́n á kó o lóru, kí ilẹ̀ tó mọ́ owó ti wọlé. Iye kan náà sì ni, ì báà jẹ́ márùn-ún lo kó síbẹ̀, ì báà jẹ́ ẹgbẹ̀rún. Ẹni tó bá ti gbin tòmátì rí mọ ohun tí mò ń wí: ọjọ́ tí tìrẹ bá pọ́n ni ti gbogbo ayé pọ́n. Alágbàtà á wo agbọ̀n rẹ, á pòṣé, á dárúkọ iye tí kò tó owó ọkọ̀, o ó sì gbà á nítorí pé tòmátì kò mọ sùúrù. Nínú Stardew kò sí alágbàtà, kò sí owó ọkọ̀, màlúù ẹlòmíì kì í wọ oko rẹ, tòmátì tí o sì fi pamọ́ láti ọdún tó kọjá ṣì pọ́n rẹ́rẹ́ nínú àpótí. Bí mo bá ní àǹfààní láti bá ẹni tó ṣe é sọ̀rọ̀, ìyẹn ni mo máa bá a sọ. Kó jẹ́ kí ọjà máa wọ́lẹ̀ bí ẹrù bá pọ̀. Yóò le sí i, ṣùgbọ́n yóò dùn sí i.

Ṣùgbọ́n ó mọ ohun kan nípa oko tí ọ̀pọ̀ géèmù kò mọ̀, ìyẹn ni pé ìgbà kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ìgbà mẹ́rin ló wà nínú ọdún wọn, ìrúwé, ooru, ìwọ́wé àti òtútù, ọjọ́ 28 sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ tí ìgbà bá yí, ohun tí kì í ṣe ti ìgbà tuntun kú sórí ilẹ̀ pátápátá. Ìgbà ìwọ́wé ni iṣu. Bí o bá gbìn ín lẹ́yìn ọjọ́ 18, tí o kò sì fi ajílẹ̀ tó ń mú ohun ọ̀gbìn yára sí i, o ti fi owó ṣòfò. Kò sí ìkìlọ̀, ẹnikẹ́ni kò sì ní dá owó rẹ padà. Láàárọ̀ ọjọ́ kìíní ìgbà òtútù, o ó jáde sí oko, gbogbo rẹ̀ á ti gbẹ, yìnyín á ti bo ilẹ̀.

Àwọn ará ìlú ni wọ́n mú mi dúró sínú rẹ̀, ju oko lọ. Ìlú kékeré ni Pelican Town, gbogbo ènìyàn ló sì ní ibi tó máa ń wà ní aago kọ̀ọ̀kan. Bí o bá ń kí wọn lójoojúmọ́, wọ́n á fẹ́ràn rẹ. Bí o bá pa wọ́n tì, ìfẹ́ náà á máa dín kù. Ìyẹn kò ṣàjèjì sí ẹni tí wọ́n bí sí àdúgbò tí àìkí ènìyàn láàárọ̀ ti lè dá ìjà sílẹ̀. Ẹ̀bùn méjì lo lè fún ẹnì kan lọ́sẹ̀, bó bá sì jẹ́ ọjọ́ ìbí rẹ̀, ẹ̀bùn náà á mú kó fẹ́ràn rẹ ju ti ọjọ́ míì lọ. Olúkúlùkù ló ní ohun tó wù ú. Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Linus, inú àgọ́ ló ń gbé lẹ́bàá òkè, kò ní ilé, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣàánú òun. Bí àwọn tó kù bá rí ọ tí o ń wá nǹkan nínú garawa ìdọ̀tí, wọ́n á kórìíra rẹ, àmọ́ Linus kò ní bínú. Iṣu wà lára ohun tó fẹ́ràn jù lọ láyé. Nígbà tí mo gbé iṣu kìíní tí mo wà fún un, mo gbà pé ẹni tó kọ géèmù yìí mọ ẹni tó yẹ kó fún ní iṣu.

Àwọn iwin inú igbó náà wà níbẹ̀, Junimo ni wọ́n ń pè wọ́n. Inú ilé àpéjọ ìlú tó ti di ahoro ni wọ́n fi ṣe ibùgbé. Wọ́n á sọ ohun tí wọ́n fẹ́: irè ìgbà kọ̀ọ̀kan, ẹja, ẹyin, òkúta iyebíye. Bí o bá kó o pé, wọ́n á tún apá kan ìlú ṣe. Bí o kò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, o lè san 5,000g kí o di ọmọ ẹgbẹ́ JojaMart, ilé ìtajà ńlá kan níbẹ̀, kí o máa fi owó ra gbogbo àtúnṣe náà. Mo mọ ẹni tó ṣe é. Ó yára parí, ṣùgbọ́n kò mọ orúkọ ìdajì ará ìlú.

Bàbá àgbà tó kú yẹn náà ń bọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún kẹta, á padà wá wo ohun tí o fi oko òun ṣe, á sì tan àbẹ́là bí iṣẹ́ rẹ bá ṣe tó, mẹ́rin ni ó pọ̀ jù. Ẹnikẹ́ni kò nílò láti ṣàlàyé èyí fún ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́, yàtọ̀ sí pé tiwa, pàṣán ló ń gbé dání.

Ní ti fóònù fúnra rẹ̀: ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ ó san owó. Dọ́là márùn-ún dín díẹ̀ ni, ó tó bí 3,000 sẹ́fà. Èmi kò ní káàdì báǹkì, ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Kútọnu ló bá mi rà á. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí ìpolówó ọjà, kò sí dátà tó ń jó. Bí iná bá lọ tí nẹ́tíwọ́kì sì bá a lọ, ẹ lè máa gbá a lọ títí bátìrì á fi kú. Ó ní èdè Faransé, nítorí náà ẹni tó bá ti ka ìwé díẹ̀ ní Benin kò ní ṣìnà. Bí oníbàárà bá wọlé lójijì, mo kàn jáde nínú rẹ̀ ni, ó sì máa ń dúró síbi tí mo fi í sí. Nígbà tí àfikún 1.6 dé orí fóònù ní oṣù kọkànlá 2024, wọn kò gba kọ́bọ̀ kún un.

Lẹ́tà rẹ̀ kéré ju bó ṣe yẹ lọ lórí fóònù tí ojú rẹ̀ kò fẹ̀. Pípa ẹja nira jọjọ: igi aláwọ̀ ewé kan ń lọ sókè sódò, ìwọ á máa fi ìka dá a dúró síbi tí ẹja wà, ẹja náà kò sì gbọ́ràn. Ẹ lọ ra ọ̀pá àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ Willy apẹja, 25g péré ni, ẹja tí kò ṣòro mú nìkan ló ń mú, ṣùgbọ́n ọwọ́ yín á mọ́ ọn. Nínú ihò ìwakùsà, tó ní ipele 120, ẹ jẹ́ kí fóònù máa bá yín jà fúnra rẹ̀, ó wà nínú ètò. Pierre kì í ṣí ṣọ́ọ̀bù ní Ọjọ́rú, mo bẹ̀ yín, ẹ fi í sọ́kàn.

Kí n tó rí géèmù yìí, ti bọ́ọ̀lù kan ni mo ń gbá tó jẹ́ ọ̀fẹ́. Ọ̀fẹ́ tó ń jẹ dátà láràárọ̀, tí agbábọ́ọ̀lù tó dáa sì wà nínú àpò tí ẹ ó fi owó rà láìmọ ẹni tó wà nínú rẹ̀. Mo ti pa á rẹ́, ààyè tó fi sílẹ̀ lórí fóònù pọ̀ ju èyí tí oko mi gbà lọ.

Ìgbà ìwọ́wé ọdún kejì ni mo wà báyìí. Ẹ̀bùn àwọn iwin tí mò ń lé ni ilé onígíláàsì tí ohun gbogbo ti ń hù láìka ìgbà sí, kí n lè máa rí irè kódà nígbà yìnyín. Ohun ọ̀sìn ló kù. Oríṣi mẹ́fà ni wọ́n kọ sílẹ̀, márùn-ún ni wọ́n sì ń gbà. Mo ti ní ẹyin ńlá funfun àti pupa, wàrà màlúù ńlá àti ẹyin pẹ́pẹ́yẹ. Ìkarùn-ún lè jẹ́ wàrà ewúrẹ́ ńlá, ó sì lè jẹ́ irun àgùntàn. Lọ́wọ́ Marnie tó ń ta ẹran ọ̀sìn, ewúrẹ́ 4,000g, àgùntàn 8,000g. Ewúrẹ́ ni mo máa rà.