Oṣù 8 pẹ̀lú ike inú ẹnu tí dókítà eyín ṣe fún mi nítorí ìhanrun

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi owó bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ lojú gbogbo wa máa kọ́kọ́ lọ. ₦310,000 ni mo san fún ike méjì tí mo ń kì bọ ẹnu lálaalẹ́, ọ̀kan fún eyín òkè, ọ̀kan fún ti ìsàlẹ̀. Àwọn méjèèjì kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ. Nígbà tí ìyàwó mi gbọ́ iye rẹ̀, ó ní, “Bàbá Ìdáyà, ṣé wúrà ni wọ́n fi ṣe é ni?” Mo ní rárá, ike ni. Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi jẹun alẹ́.

POP, ọ̀dà àti táìlì ni mo ń tà lọ́nà Gbọ̀ngán níbí ní Òṣogbo, mo sì ti kọjá ẹni 50 ọdún dáadáa. Mo sanra, ọrùn mi ki débi pé ìwọ̀n ọ̀tọ̀ ni télọ̀ mi fi ń gé ọrùn bùbá mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń hanrun, ẹ̀fẹ̀ la sì ń fi ṣe nílé. Àwọn ọmọ á ní jẹnẹrétọ̀ Dádì ti ń ṣiṣẹ́. Ohun tí kò jọ ẹ̀fẹ̀ ni pé jẹnẹrétọ̀ náà á ṣàdédé kú. Ìyá Ìdáyà ní ìdákẹ́ yẹn gan-an ló ń já òun láyà: àyà mi á máa gòkè, á máa sọ̀kalẹ̀, bí ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn, afẹ́fẹ́ kankan ò ní jáde, títí n óò fi ta gìrì bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà yọ nínú odò.

Lọ́sàn-án ẹ̀wẹ̀, mo máa ń tòògbé nínú ṣọ́ọ̀bù, oníbàárà á dúró lé mi lórí. Lọ́jọ́ kan mò ń bọ̀ láti Ìbàdàn, mo ti kọjá Gbọ̀ngán, mo ti fẹ́ kúrò ní Òde-Òmu, ni mo bá sùn lọ nídìí sítíárì. Ìró táyà nínú koríko ló jí mi. Alhamdulillah, ẹnikẹ́ni ò fara pa. Ọmọọṣẹ́ mi tó jókòó tì mí náà ń sùn ni. Títí dòní kò mọ̀.

Kí n tó dé ọ̀dọ̀ dókítà, mo kọ́kọ́ ra èyí tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ₦18,500, èyí tí wọ́n ní kí èèyàn rì sínú omi gbígbóná, kí ó wá gé e jẹ kí ó lè gba àwòrán eyín. Òru 4 ni mo lò ó. Lọ́jọ́ kẹta mo bá a lábẹ́ ìrọ̀rí. Lọ́jọ́ kẹrin mi ò rí i rárá, àfìgbà tí wọ́n gbálẹ̀ yàrá. Ẹ fi owó yẹn ra ẹja.

Dókítà tó ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru mi ló bi mí bóyá mo ń hanrun. Mo rò pé ó fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń ṣagídí sí oògùn máa ń bá èémí tó ń dúró lójú oorun rìn, èyí tí wọ́n ń pè ní sleep apnea. Wọ́n gbé ẹ̀rọ kékeré kan fún mi lọ sílé: okùn kan yí àyà ká, ọ̀pá tín-ín-rín wọ ihò imú, ohun kan sì fún ìka mi mú bíi pẹ́ẹ̀gì tí a fi ń sá aṣọ. Èsì rẹ̀ ni pé ìgbà 19 láàárín wákàtí kan ni èémí mi ń dúró tàbí tó ń fẹ́ dúró, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò sì dín ní ìṣẹ́jú-àáyá 10. Tí kò bá tó 5, kò sí wàhálà. Láti 5 dé 14, ó mọ níwọ̀n. Láti 15 dé 29, ó wà láàárín. Tó bá ti di 30, ó ti le. Àárín ni tèmi bọ́ sí.

CPAP ni wọ́n kọ́kọ́ ní kí n lò, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí imú látinú ìbòmú kan. Mi ò ní parọ́ mọ́ ọn: òru àkọ́kọ́, mo sùn débi pé mi ò gbọ́ ìpè àsùbáà. Ṣùgbọ́n iná ló ń jẹ. Lálẹ́ kejì iná lọ ní aago 2, ẹ̀rọ dákẹ́, ìbòmú wà lójú mi bí ìkòkò tí wọ́n dojú ẹ̀ dé. Kí ẹni tó ní sólà gidi lò ó. Dókítà eyín fúnra rẹ̀ sọ fún mi pé ó lágbára ju ike lọ, pàápàá fún ẹni tí tirẹ̀ ti le. Èmi ò ní sólà.

Ibi tí mo wá lọ ni ilé ìwòsàn eyín kékeré kan tí kò jìnnà sí Ọláìyá, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, àtẹ̀gùn rẹ̀ ò sì ṣàánú orúnkún. Dókítà náà ló bẹ̀ mí kí n má dárúkọ òun, torí òfin iṣẹ́ wọn kò gbà kí dókítà máa polówó ara rẹ̀, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé òun ló rán mi níṣẹ́. Ọmọbìnrin tí mo lè bí ni. Dádì ló ń pè mí, ṣùgbọ́n kò gbàgbàkugbà fún mi. Mo rò pé ọjọ́ kan náà la máa parí. Ó yẹ ẹnu mi wò, ó ní, “Dádì, ẹ ní sùúrù, ìpìlẹ̀ ò tíì dúró.” Ó fọ eyín mi, ó dí ihò méjì, ó wá ń mì wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń dán òpó wò. Ó ní eyín ni ike máa dì mú, tí eyín bá ń mì, orí iyanrìn la ń kọ́lé sí. Ó bá mi sọ èdè mi. Ẹ fi ₦65,000 kún iye tòkè yẹn nítorí iṣẹ́ ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni ò sì sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé yóò wáyé. Ọ̀rẹ́ mi kan tí gbogbo eyín rẹ̀ jẹ́ àtọwọ́dá bá mi lọ. Wọ́n dá a padà, kò sí ohun tí ike yóò dì mú lẹ́nu rẹ̀.

Ó po nǹkan kan tó dà bí ẹ̀kọ tó fẹ́ dì, ó kó o sínú àwo irin, ó tì í bọ ẹnu mi, ó ní kí n máa mí gba imú. Ibi tí mi ò ti lè fèsì yẹn ló ti ráyè ṣàlàyé. Tí èèyàn bá sùn, ẹran ọ̀fun á dẹ̀, ahọ́n á ṣubú sẹ́yìn, á dí ọ̀nà èémí. Ahọ́n sì so mọ́ egungun àgbọ̀n ìsàlẹ̀. Tí a bá fa àgbọ̀n síwájú, ahọ́n á tẹ̀ lé e, ọ̀nà á là. Gbogbo iṣẹ́ ike náà nìyẹn. Ó ní ọgbọ́n yìí ti pẹ́: ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, dókítà ará Faransé kan, Pierre Robin, ti ń wá ọ̀nà láti fa àgbọ̀n síwájú fún àwọn ọmọ tí àgbọ̀n wọn kéré, tí ahọ́n ń dí wọn lọ́fun.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n da POP sínú àwòrán eyín mi. Mo bú sẹ́rìn-ín. Dókítà ní kí ló dé. Mo ní, “Dókítà, àpò-àpò ni mo ń ta ìyẹn.” Ó ní tiwọn kúná, ó sì le ju ti àjà ilé lọ, àmọ́ ọmọ ìyá ni wọ́n. Nígbà tó gan, mo gbé eyín ara mi sọ́wọ́, mo yí i wò. Kò sí ihò afẹ́fẹ́ kan ṣoṣo lára rẹ̀. Ẹni tó pò ó mọṣẹ́. Ìgbà yẹn lọkàn mi tó balẹ̀.

Ó ní kí n ti àgbọ̀n síwájú débi tó lè dé, ó wọ̀n ọ́n: mìlímítà 10. Ìdajì rẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀.

Èkó ni wọ́n ti ń ṣe ike náà. Ọ̀sẹ̀ 3 ni wọ́n dá fún mi, ọ̀sẹ̀ 6 ni mo rí i gbà. Gbogbo ìgbà tí mo bá pè, ọmọ tó ń gba àlejò á ní, “Ó ti wà lọ́nà, sà.” Ọ̀nà wo? Èkó sí Òṣogbo kì í ṣe Mẹ́kà.

Òru àkọ́kọ́ burú. Itọ́ rin ìrọ̀rí gbingbin. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, eyín òkè àti tìsàlẹ̀ ò pàdé mọ́, bí ìlẹ̀kùn tí férémù rẹ̀ wọ́. Àkàrà lásán, mi ò rí i gé. Mo pe dókítà ní aago 7 àárọ̀, ó sì gbé e, ìyẹn wú mi lórí. Ó ní kí n mú ike kékeré kẹta tó wà nínú àpótí, kí n máa gé e jẹ fẹ́ẹ́rẹ́ fún ìṣẹ́jú 10, àgbọ̀n á padà sípò. Ó padà lóòótọ́, ṣùgbọ́n títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, mi ò lè pa obì kí aago 8 tó lù. Dókítà ò sì fi pa mọ́ fún mi pé tí ọdún bá ń gorí ọdún, eyín lè sún díẹ̀, nítorí náà kí n máa wá ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà.

Síkúrù kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì. Kọ́kọ́rọ́ tó rí bí abẹ́rẹ́ ni a fi ń yí wọn, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí àgbọ̀n lè máa sún síwájú ní ìdá kan nínú mẹ́rin mìlímítà. Ibí yìí lowó mi ti jẹ́ owó. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni dókítà pè mí wá wò ó láìgba kọ́bọ̀, lẹ́ẹ̀kan ó ní kí n yí i padà sẹ́yìn nítorí etí ń dùn mí. Ìyá Ìdáyà ló ń kọ ìṣẹ̀lẹ̀ òru sílẹ̀ nínú ìwé gbèsè ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀sẹ̀ kẹrin: “Ó ń hanrun, kò dúró.” Ọ̀sẹ̀ kẹjọ: “Ó dákẹ́. Mo fọwọ́ kàn án, ó ń mí.”

Dókítà ò gba ẹ̀rí yẹn nìkan. Ó ní ìhanrun lè lọ kí èémí ṣì máa dúró, ó dá mi padà sídìí ẹ̀rọ ìka, mo sùn pẹ̀lú ike lẹ́nu. 19 ti di 6. Wọn ò tíì dín oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi kù o, kí ẹnikẹ́ni má lọ da tirẹ̀ nù.

Àbúrò mi obìnrin náà lọ, òun tó ń payínkeke lójú oorun títí eyín rẹ̀ fi tẹ́ pẹrẹsẹ. Irú tèmi kọ́ ni wọ́n fún un. Ike ẹyọ kan, pẹlẹbẹ, tó ń jẹ ìyà dípò eyín ni. Kò fa àgbọ̀n rárá, owó rẹ̀ ò sì tó ìdá kan nínú mẹ́rin tèmi. Ẹni tó ń hanrun kò gbọdọ̀ ra irú rẹ̀ nítorí pé ó pọ́ọ́kú. Dókítà ní ó tilẹ̀ lè dá kún ti ẹlòmíràn.

Tí ẹ bá máa lọ, ẹ yẹra fún ọjọ́ Ajé, èrò máa ń pọ̀, kò sì sí ibi tí ẹ máa gbé mọ́tò sí.

Omi tútù àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni wọ́n ní kí n máa fi fọ ike náà. Ìdáyà dé láti iléèwé ní oṣù tó kọjá, ó fẹ́ ràn mí lọ́wọ́, ó da omi gbígbóná lé e lórí kí kòkòrò inú rẹ̀ lè kú. Ike wọ́. ₦40,000 ni mo fi tún un ṣe, ọ̀sẹ̀ 2 ni jẹnẹrétọ̀ fi pariwo, pálọ̀ ni Ìyá Ìdáyà sì sùn mọ́jú láwọn òru wọ̀nyẹn. Mo ti mú ọ̀dà pupa láti ṣọ́ọ̀bù, mo kọ ọ́ gàdàgbà sára àpótí rẹ̀: OMI TÚTÙ.